Ibi Tí Omi Ń Gbà Wọ Ọkọ̀ Onílé Bàbá Mi

Òórùn ni mo kọ́kọ́ ń rántí: òórùn fọ́ọ̀mù tí omi ti mu, òórùn àtè táwọn tó ń lẹ táyà ń lò, àti òórùn káńfọ̀ tí ìyá mi máa ń fi sáàárín aṣọ títà wọn. Òjò àárọ̀ ti dá. Mo dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn tó wà lókè orí awakọ̀, nínú ọkọ̀ onílé bàbá mi, imú mi kò ju ìka mẹ́rin lọ sí òrùlé, mo sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá mi tí ń rìn lórí mi pẹ̀lú ìṣọ́ra, bí ẹni ń rìn lórí igbá. Mo ní ọjọ́ Àìkú ni. Ẹ̀gbọ́n mi, Búráímọ̀, ní káńfọ̀ kankan kò sí nínú ọkọ̀ náà rí, pé ilé àbúrò ìyá wa ní Pobè ni mo ti gbé òórùn yẹn wá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ ohun tójú mi rí sínú ìwé lójoojúmọ́ ni mo ti mọ̀ pé ohun tí mo kọ lánàá gan-an, bí mo bá kà á lónìí, ó máa ń dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Kí ni kí n wá sọ nípa ohun tí mo rí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án?

Ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú nìyí. Akpakpa ní Kútọ̀nù là ń gbé, nínú agboolé kan tí Nàgó, Gùn àti Fọ̀n ti jọ ń pọnmi nínú kànga kan ṣoṣo. Awakọ̀ akẹ́rù ni bàbá mi, ọmọ Pobè; wọ́n ń kó ẹrù láti Kútọ̀nù lọ sókè lọ́hùn-ún, a kì í sì í rí wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìyá mi ń ta aṣọ, wọ́n ń ná ọjà Pobè àti ti Kétu. Bí ọjà bá ku ọ̀la, abẹ́ àtíbàbà ni wọ́n ń sùn, wọ́n á sì fi ẹrù aṣọ ṣe ìrọ̀rí kí olè má bàa gbé e lọ. Nígbà tó yá, ikọ́ mú wọn, kò sì fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tí í fẹnu sọ pé àánú ẹnì kan ń ṣe àwọn. Ọkọ̀ ni wọ́n lọ rà.

Nínú ọgbà tí wọ́n ti ń ta àwọn ọkọ̀ àlòkù tó gba èbúté wọlé ni wọ́n ti rí i: ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tí àwọn òyìnbó gbé odindi yàrá lé lẹ́yìn. Yàrá náà ní ilẹ̀kùn àti fèrèsé mẹ́rin, tábìlì rẹ̀ ṣeé tẹ́ di ibùsùn, ó ní ààrò onígáàsì tí kò tóbi ju ọpọ́n ayò lọ, ibùsùn kejì sì yọ síwájú, ó bo orí awakọ̀. Gbogbo agboolé ló jáde wò ó. Ìyá àgbà tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà wa yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, "Bàbá Búráímọ̀, ilé ta lẹ jí gbé yìí? Ẹ tètè dá a padà kí onílé tó ti oko dé o." Ìyá mi ní tiwọn wọlé, wọ́n jókòó lórí ibùsùn, wọ́n nà gbalaja, wọ́n tún dìde jókòó. "Ó dáa," ni wọ́n wí. Ẹni tó bá mọ ìyá mi á mọ̀ pé lẹ́yìn "ó dáa" yẹn, ijó ló kù.

Jíjẹ́ tí bàbá mi jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù ló wá bí àṣìṣe. Lójú àwọn ọlọ́kọ̀ tiwa, òrùlé ọkọ̀ kì í ṣe òrùlé lásán, àjà ni. Orí rẹ̀ ni iṣu ń gbé, orí rẹ̀ ni èédú ń gbé, orí rẹ̀ ni ewúrẹ́ ń dúró sí tí yóò máa wo ìlú bí ọba. Òrùlé ọkọ̀ onílé funfun, ó tẹ́jú, ó sì ṣófo, òfìfo yẹn kò jẹ́ kí ọkàn bàbá mi balẹ̀. "Ọkọ̀ tí kò ru nǹkan lórí," ni wọ́n máa ń sọ, "àlejò ni, kì í ṣe ọmọ ilé." Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe ajórin àdúgbò, ọkùnrin Gùn kan tí àwa ọmọdé ń pè ní Fòfó, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gùn ti ń pe ẹ̀gbọ́n. Fòfó fi ìka kan òrùlé náà, wọ́n mirí.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí kì í ṣe irin o. Ike ni. Ẹni tó ṣe é kò ní in lọ́kàn pé ẹnikẹ́ni á gùn ún."

"Ẹni tó ṣe é kọ́ ló bí mi," bàbá mi dáhùn. "Lu ú."

Ihò méjìlá ni Fòfó lu, wọ́n sì fi bóòtù méjìlá de irin agbẹ́rù mọ́ ọn. Kí oṣù tó parí, ọkọ̀ onílé ti ń ti Kétu bọ̀ pẹ̀lú àpò èédú mẹ́fà lórí.

Òjò tó tẹ̀ lé e wọlé bá ìyá mi. Ohun tó ṣì ń yà mí lẹ́nu ni pé bàbá mi, tó lè fi etí lásán mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnì, kò fura sí irin yẹn rárá. Wọ́n fura sí rọ́bà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Wọ́n fura sí ilẹ̀kùn. Wọ́n fura sí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun, tó máa ń jẹ gbogbo ohun tí a bá gbé sílẹ̀ ní Kútọ̀nù. A tilẹ̀ gbé ọkọ̀ náà dé Ekpè, lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi fún àwọn apẹja, wọ́n sì fún wa ní ọ̀dà dúdú àti òwú tí wọ́n fi ń dí ojú pákó. Bàbá mi fi dí gbogbo ibi tí omi ti ń yọ, àmọ́ ibi tí omi ti ń yọ kọ́ ni ibi tó ti ń wọlé. Àárín àjà òrùlé ló ń gbà rìn kó tó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bàbá mi fúnra wọn ló ń sọ ọ́ bí òwe, tí wọn kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ: "Omi kì í sọ ọ̀nà tó gbà wọlé."

Báyìí ni iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti jẹ àtàsí tán, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí ata rẹ̀ ń pọ́n lójú, bàbá mi á gun òrùlé pẹ̀lú garawa omi, èmi á sì lọ dùbúlẹ̀ lókè ibùsùn láti máa ṣọ́ omi. Búráímọ̀ ló yẹ kó ṣe é, ṣùgbọ́n ó ti ga jù fún ibẹ̀, bọ́ọ̀lù sì ń pè é. Bàbá mi á da omi sí apá kan, wọ́n á dúró, wọ́n á pariwo pé, "Sàfú, ó ti dé?"

"Kò tíì dé, Bàbá!"

"Ojú ẹ wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá!"

Láàárín garawa kan sí èkejì, wọ́n á máa bá mi sọ̀rọ̀ láti òkè. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe sá nílé kéwú fún mi. Wọ́n sọ orúkọ gbogbo òkè tó wà lọ́nà Kétu, àti èyí tí ọkọ̀ máa ń kérora níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀, wọ́n á fún mi ní àlùmọ́gàjí kí n fi gé túùbù táyà tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọn kì í sì í tún èyí tí mo bá gé gé. Kò sí ibòmíràn tí bàbá mi ti ń bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ilé, ọmọ ni mo jẹ́. Nínú ọkọ̀ onílé, èmi ni ojú wọn. Ìyá mi á máa wò wá láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n á rẹ́rìn-ín: "Òjò ló pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ."

Mi ò lè sọ Àìkú tó jẹ́. Mo rí i. Ní igun òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì mi, orí bóòtù kan tí mo ti ń wò láti ọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Omi kóra jọ síbẹ̀, ó yí bí ẹyin aláǹgbá, ó já, ó sì tọ ojú pákó lọ sápá fèrèsé.

"Sàfú, ó ti dé?"

Mo gbé ọwọ́ sókè, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. "Kò tíì dé, Bàbá."

Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Tàbí kí n sọ pé bí mo ṣe ń rántí rẹ̀ nìyẹn, pé mo mọ̀: bí bàbá mi bá rí ihò yẹn, ọjọ́ Àìkú tán. Mo fi ọwọ́ bò ó lọ́sẹ̀ yẹn, mo sì fi bò ó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àti lẹ́yìn náà.

Nígbà tí Iléyá ń sún mọ́lé, ìyá mi kó aṣọ ọdún tó pọ̀ jù lọ tí wọ́n tíì kó rí. Kí wọ́n tó gbéra, wọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà. "Bàbá Búráímọ̀, mo gbádùn ilé yín. Ṣùgbọ́n bí omi bá tún kan aṣọ mi lẹ́ẹ̀kan péré, abẹ́ àtíbàbà mi ni màá padà sí, tikọ́tikọ́." Bàbá mi ní kò ní í kàn án, pé ọmọ tó ń ṣọ́ omi kò rí nǹkan kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Mo gbọ́ ọ. Mo dúró níbẹ̀ nígbà tí bàbá mi wa ọkọ̀ náà jáde lẹ́nu ọ̀nà, mi ò sì sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n dé. Ìyá mi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n ń sá aṣọ sórí okùn ni, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, aró ti ṣàn láti ara èyí dé ara tọ̀hún. Wọ́n ń wúkọ́. Bàbá mi dúró sójú kan pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. "Mo máa dá a padà sí èbúté lọ́la," ni wọ́n wí, ohùn wọn kò sì jọ tiwọn. Ìgbà yẹn ni mo sọ ọ́.

"Bàbá, mo mọ ibi tó ń gbà wọlé. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n."

Wọ́n bá mi wọlé, mo fi ìka kan orí bóòtù náà, mo sì sọ bí mo ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n jáde, wọ́n wo irin agbẹ́rù wọn láti ìsàlẹ̀, bí ẹni ń wo ọmọ tí wọ́n mú wá láti àgọ́ ọlọ́pàá. Lẹ́yìn náà, wọ́n sọ ohun tí mo gbé dàgbà: "Ìwọ fi ọwọ́ bò ó. Èmi ni mo ní kí wọ́n lu ú." Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Búráímọ̀ búra pé wọ́n gbá mi létí, pé òun dúró níbẹ̀. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ ìyá mi, wọ́n ní aṣọ tó bàjẹ́ kò ju méjì lọ, pé àwọn ta ìyókù lọ́jọ́ ọdún gan-an, kí n yé gbé òkú ẹran kiri. Ta ni kí n gbà gbọ́? Okùn aṣọ tí mo rí lọ láti kànga dé ẹnu ọ̀nà.

Bàbá mi kò yọ irin náà o. Wọ́n gé túùbù táyà sí wẹ́wẹ́ méjìlá, wọ́n fi ọ̀kan sábẹ́ ẹsẹ̀ irin kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tún bóòtù dì. Ìyá mi sùn lábẹ́ àtíbàbà lọ́jà méjì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ́ wọn, wọ́n sì padà sínú ọkọ̀ onílé lọ́jà kẹta. Omi kò wọlé mọ́. Bàbá mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú.

Mo ti lé ní ogójì ọdún. Ìyá mi ti padà sí Pobè, wọ́n ní ariwo Kútọ̀nù ti tó àwọn. Bàbá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Agblangandan nítorí ojú wọn tí dókítà ń wò. Ọkọ̀ onílé wà nínú ọgbà mi. Mo ti pààrọ̀ pákó ilẹ̀ rẹ̀, mo máa ń ha ìpáta abẹ́ rẹ̀ kí n tó kun ún, mo sì ń tan ẹ́ńjìnì rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó má bàa gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá mi ní inú rẹ̀ làwọn máa wọ̀ lọ ṣọdún lọ́dọ̀ ìyá mi, kì í ṣe inú ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá tún wọlé. Rọ́bà méjìlá náà ti gbẹ, wọ́n ti sán. Mo gé tuntun, mo tún bóòtù dì, mo sì gbé garawa lọ sórí òrùlé lọ́jọ́ Àìkú láti dán an wò. Bàbá mi kò gbà kí ẹlòmíràn ṣọ́ omi. Àpótí ni wọ́n fi gun ibùsùn òkè, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bàbá, ó ti dé?"

"Kò tíì dé."

Garawa mẹ́rin. Orúnkún ń dùn mí, fóònù ń gbọ̀n nínú àpò mi, ibi iṣẹ́ ni, wọn kò mọ Àìkú. "Bàbá, ṣé ẹ ń wò ó dáadáa?"

"Ojú ni dókítà ní ó ń dùn mí, kò ní mo ti kú. Da omi ẹ."

Mo sọ̀kalẹ̀ láìsọ fún wọn, mo yọjú lójú fèrèsé. Bàbá mi dùbúlẹ̀, wọ́n di ojú, àtẹ́lẹwọ́ òsì wọn lẹ̀ mọ́ igun òkè. Omi ń gba ọrùn ọwọ́ wọn sọ̀kalẹ̀ sínú apá bùbá wọn, fìlà wọn ti tutù, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu wọn.

Mo dúró síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ wọn kò mọ omi mọ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kàn fi ọwọ́ ti ara wọn. Èmi tí mo máa ń kọ nǹkan sílẹ̀ fẹ́ béèrè, kí ọ̀rọ̀ náà lè parí lórí ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ rí mọ ohun tí òun ń fi ọwọ́ bò. Èmi tí mo kàwé jù ú lọ, láti ọdún gbọ́nhan ni mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀ṣẹ̀ ni.

"Sàfú! Ṣé omi ti tán ni?"

"Rárá o, Bàbá. Omi ni mo fẹ́ bù."

Mo pa fóònù, mo bu omi kún garawa, mo sì tún gun òkè.