Ọkọ̀ Tí Táyà Rẹ̀ Kò Yí

Ketill Austman ló fa ọkọ̀ omi rẹ̀ láti ìlú Riverton dé ìlú Gimli, létí adágún, láìjẹ́ pé táyà tirélà tó gbé e yí lẹ́ẹ̀kan. Ogójì kìlómítà ni. Oṣù kìíní ọdún ni, adágún ti dì láti etí dé etí, òtútù sì jẹ́ ìwọ̀n méjìdínlógójì nísàlẹ̀ òdo. Nígbà tí Ketill fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ń sọ ìtàn náà, ó ní mọ́kànlélógójì ni. Nígbà tó fi máa kú, ó ti sọ ọ́ di àádọ́ta. Ṣùgbọ́n Mundi, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló jókòó tì í nínú píkáàpù, òun ló sì ka ìwọ̀n náà. Méjìdínlógójì ni.

Gbogbo ará etí adágún ló mọ̀ pé kí yìnyín tó bọ́, a máa ń ti pákó sábẹ́ táyà kó má baà lẹ̀ mọ́lẹ̀. Steini Borgford, tí tirélà náà wà ní àgbàlá rẹ̀ láti oṣù kẹwàá, kò ti nǹkan kan. Táyà méjèèjì ti há sínú omi dídì, gíríìsì inú wọn sì ti le bí òkúta.

Mundi ní, "Jẹ́ ká dáná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ná."

"Á yọ́ lójú ọ̀nà. Bí táyà bá ti ń yí, ara rẹ̀ á gbóná."

"Bí kò bá wá yí ńkọ́?"

"Táyà tí kì í yí, kí ni wọ́n ṣe ń pè é ní táyà?"

Ó fà á. Tirélà já kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú ìró bí ìró ìbọn, ó sì tẹ̀ lé wọn. Ojú títì ń yọ̀ bí àwo, píkáàpù ò mọ ìyàtọ̀. Àwọn awakọ̀ tó ń bọ̀ ń fọn fèrè, wọ́n ń nàka sẹ́yìn. Ketill ń juwọ́ sí wọn. Ó ní, "Ará ibí mà lọ́yàyà lónìí." Ní ìlú Arnes, lójú ọ̀nà, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀bá títì, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì. Ketill náà ju ọwọ́ méjèèjì. Mundi ló di ìdarí píkáàpù mú.

Ní Gimli, Mundi kúnlẹ̀ wo táyà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ pẹrẹsẹ bíi gìgísẹ̀ bàtà tó ti gbó.

"Ketill, táyà rẹ ò yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ketill kúnlẹ̀, ó fọwọ́ pa á. "Ibì kan ṣoṣo ló jẹ," ó ní. "Gbogbo ìyókù, tuntun ni."

Ọkọ̀ omi náà, ti Ketill ni tẹ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tà á fún Steini ní oṣù kẹwàá, ó ní orúnkún ń dun òun. Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń sọ yìí, ó lọ ná an láti rà á padà. Wọ́n mu kọfí ife mẹ́fà.

"Ọkọ̀ yìí ń jò, Steini."

"Bàbá Ketill, nígbà tí ẹ ń tà á fún mi, ẹ ní kò jò rí."

"Ọwọ́ mi ló wà nígbà yẹn."

"Kí lẹ fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe báyìí? Adágún ò ní ṣí títí oṣù karùn-ún."

"Mo fẹ́ tètè dé."

Steini béèrè fún ẹ̀rọ tí Ketill fi ń lu ihò sórí omi dídì. Ketill gbà. Ó béèrè fún àwọ̀n méjìlá. Ketill gbà. Ẹ̀rù wá ba Steini, nítorí ọkùnrin yìí ti fi ìdajì wákàtí ná ìwọ̀ kan ṣoṣo rí. "Ara yín dá, Bàbá Ketill?" Ó ní kó mú àwọ̀n mẹ́fà padà.

Ketill ní, "Méje."

Kò sọ ohun tó fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ yẹn ni Mundi tó mọ̀.

Lauga, ìyàwó Ketill, wà ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ní Gimli, lẹ́bàá adágún. Fún ọdún mọ́kànlélógójì, ojú fèrèsé ló ti máa ń wo ọkọ̀ yẹn. Bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, á gbé ọ̀dùnkún kaná. Bí kò bá tíì gúnlẹ̀, kò sí ẹni tó máa jẹun. Ní báyìí ó ti gbàgbé ojú Ketill, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ọkọ̀. Lójoojúmọ́, wọ́n á gbé oúnjẹ ọ̀sán síwájú rẹ̀, á sì tì í.

"Mò ń dúró de ọkọ mi. Ọkọ̀ rẹ̀ ò tíì dé."

"Lauga, èmi rèé."

"Ẹ má bínú, sà. Ketill ò darúgbó tó yín."

Láti oṣù kẹwàá tí ọkọ̀ ti lọ dé Kérésìmesì, ó ti fi kìlógíráàmù mẹ́fà rù.

Abẹ́ fèrèsé rẹ̀ gan-an ni Ketill fa ọkọ̀ náà dé. Marites, tó ń tọ́jú Lauga, sáré jáde láìwọ ẹ̀wù òtútù.

"Bàbá Ketill, ibí kì í ṣe èbúté. Ẹ gbé e kúrò."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e? Táyà ò yí."

Marites wo táyà. Ó wo fèrèsé. Lauga ti dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé gíláàsì. Marites yí padà wọlé. Ọkọ̀ náà wà níbẹ̀ di oṣù karùn-ún.

Ketill wọlé, ó jókòó ti Lauga, omi dídì ń yọ́ sílẹ̀ láti ojú rẹ̀. Mundi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Lauga fa àwo rẹ̀ mọ́ra. Ó jẹ ẹja tán, ó jẹ ọ̀dùnkún mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan Ketill lápá.

"Ẹ ṣeun, sà, tí ẹ bá mi dúró láti ọjọ́ yìí. Ọkọ mi ti dé. Ẹ máa lọ sílé, kí ìyàwó yín má baà máa wọ̀nà."

"Ṣé mo lè padà wá lọ́la?"

"Ó di ọwọ́ Ketill. Ó sì le o. Kì í gbà bọ̀rọ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n," Ketill wí. "Màá bá a sọ ọ́."

Ó dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì lọ.