Orin Tí A Ń Rọra Kọ ní Gàmbàrí

Ẹ̀yin ọmọ mi, kékeré ni mo wà nígbà tí bàbá mi kó wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Ìlọrin. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, iṣẹ́ rélùwéè tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú dé ìlú ló bá wá. Ilé Alfa àgbà kan ní àdúgbò Gàmbàrí ni a wọ̀ sí. Onígbàgbọ́ ni wá, ní àkókò tí ààfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sáàárín ìlú náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ará ìlú wa díẹ̀ a máa yọ́ wá sí yàrá wa. Bàbá mi nìkan ló mọ̀wé nínú wọn, òun ni í ka Bíbélì. Bí a bá ń kọrin, ìyá mi a máa ṣẹ́jú sí wa pé kí a rẹ ohùn sílẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lójúde, mo máa ń sá sẹ́yìn ìyá mi.

Alfa ń gbọ́ wa, kò sì dí wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ògiri létí. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bí a ti ń gbàdúrà lọ́wọ́, ìránṣẹ́ ààfin dé.

"Alfa, wọ́n ní ẹ ti sọ ilé yín di ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ẹ̀yin àti àlejò yín máa bọ̀ láàfin."

Bí Alfa àti bàbá mi ti bá a lọ, àwọn tó kù fọ́nká. Ìyá mi di ẹrù wa, ó tú u, ó tún dì í. Ìyàwó Alfa wá jókòó tì í, ó ń fa tẹ̀sùbáà. "Ìyá ọmọ, mu omi," ló ń wí, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ló ń wò. Ọkọ tiẹ̀ náà ni wọ́n mú lọ.

Ọjọ́ ti ń rọ̀ kí wọ́n tó dé. Alfa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Mo wí fún wọn pé n kò gbọ́ kí bàbá ọmọ yìí bú Ànábì rí. Wọ́n ní kó máa gbé níbí, àmọ́ kò gbọdọ̀ pe èèyàn jọ mọ́."

Ìyá mi mí kanlẹ̀. "Bàbá ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà lọ́kàn. Ọlọ́run kì í ṣe adití."

Bàbá mi mú Bíbélì rẹ̀ nílẹ̀. "Àwọn tí kò mọ̀wé ńkọ́? Ta ni yóò máa kà á fún wọn?"

Kò pẹ́ tí a fi kó lọ sẹ́yìn odi ìlú, nítòsí ibi tí rélùwéè ń gbà, níbi tí a ti lè péjọ. Ìyá mi kò bá bàbá mi rìn pọ̀ lọ́nà rárá. Ìyàwó Alfa ló bá wa ru agbọ̀n aṣọ. Nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀, ó wo igbó tó yí wa ká, ó ní, "Ṣé ẹ ò ní bẹ̀rù níbí ṣá?" Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Lónìí, ní àdúgbò Fate nínú Ìlọrin níbí, ẹ̀ ń kọrin yín títí dé òpópónà, àwọn aládùúgbò wa sì ń pe ìrun tiwọn. Inú mi ń dùn sí i. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn nígbà tí a bá ń gbàdúrà, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dákẹ́.