Ọjọ́ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Pe Àwọn Ìbejì Jáde

Mo rántí bí ìyá tó ń gbẹ̀bí fún wa ṣe ń fi omi gbígbóná fọ àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kù kí ó fẹ̀yìn tì, tí ó ń bá mi sọ̀rọ̀ láì gbójú sókè. Ilé ìwòsàn kékeré kan ni, lọ́nà Àgọ́-Àrẹ. Èmi ni akọ̀wé wọn, mi ò tíì pé ọdún méjì níbẹ̀, mo sì gbà pé ojú mi là ju ti gbogbo wọn lọ. Ìyá Ìbejì ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó ní, "Akọ̀wé, mi ò fẹ́ ariwo o. Ẹ jẹ́ n rọra lọ, kí n lè rọra máa padà wá. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń wọn àwọn ọmọ, n ó máa yọjú. Ìyẹn tó mi."

Gbogbo ohun tí ó bèèrè nìyẹn. Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mà," mo sì jáde lọ háyà kánópì.

Bàbá ọlọ́dẹ wa kìlọ̀ fún mi pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Mo rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́, kì í ṣe torí ìyá nìkan: àwọn ọ̀gá ń bọ̀ láti kánsù, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí. Mo gba olóòtú ètò kan láti Ṣakí, mo sì sọ fún un létí pé kó pe àwọn ìbejì jáde láti bá ìyá wọn jó. Mi ò rí wọn rí, ṣùgbọ́n mo ti fi ìkéde ránṣẹ́ lórí fóònù káàkiri, mo gbà pé wọ́n á wá.

Lọ́jọ́ náà, mo fi irọ́ ránṣẹ́ sí ìyá pé aboyún kan ń rọbí. Ó sáré dé tòun ti ìbọ̀wọ́ rọ́bà, a sì pàtẹ́wọ́. Ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀. Olóòtú ètò ní, "Táyé, Kẹ́hìndé, ẹ jáde wá bá màmá yín jó."

Kò sẹ́ni tó jáde. Àwọn àgbà doríkodò. Ó tún pè wọ́n, ó ní bóyá ojú ń tì wọ́n ni. Ìyá dìde, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ti lọ, ọmọ mi. Wọn ò lo ogójì ọjọ́." Ó kí àwọn ọ̀gá, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé.

Gbogbo ìlú ló mọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Ẹ̀wà tí ó máa ń sè wá fún wa lóṣooṣù, tí mo máa ń bù lẹ́ẹ̀mejì, saarà wọn ni. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi ò tilẹ̀ ní aṣọ náà.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan, ó fún mi lómi mu. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a ń wọn ọmọ dé, kò yọjú. Òmíràn dé, kò yọjú. Nígbà tí àìsàn dé, Ṣakí ló ní kí wọ́n gbé òun lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Àwọn ọ̀gá ní ètò náà dára. Kò pé ọdún tí wọ́n fi gbé mi lọ sí Otù, sí ọ́fíìsì tó ní fáànù, ibẹ̀ ni mo sì wà di òní. Inú ń bí mi sí ara mi. Ohun tí mo wá ni mo rí. Ti ìyá, tí kò ju kó máa wọn ọmọ ọlọ́mọ lọ, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.