Kí Bọ́ọ̀lù Ó Máa Wá Ọmọ Mi

Àdúà tí kò gbà, ta ni kò gbọ́ ọ rí? Èyí tí mi ò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé ni àdúà tó gbà pátápátá, tó gbà gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe bẹ̀bẹ̀ rẹ̀, tí ẹni tó bẹ̀bẹ̀ wá gbá orí mú, tó ń ké pé kí Ọlọ́run jọ̀ọ́ kó mú un padà. Àbúrò mi obìnrin ló ṣẹlẹ̀ sí, ojú mi ló sì ṣe.

Ṣùkúrátù ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wá, ìdí ẹja ni wọ́n bí wa sí. Ìkòròdú ló lọ́kọ sí, ibẹ̀ ló sì ń gbé títí di òní, nítòsí Agric níbi tí èmi náà ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ṣùgbọ́n ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ní kùtùkùtù ló ń wọ mọ́tò gba Ìtòìkín lọ, á ra ẹja tútù lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti orí ọ̀sà, á yan án lórí ààrò, á sì tà á. Àwọn ẹlẹ́ja pọ̀ ní Olúwo o, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi mọ Ṣùkúrátù ni àdúà. Ra ẹja kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀, wàá gba àdúà agbọ̀n kan lé e. Àwọn oníbàárà mìíràn á fo ẹja tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìsọ̀ ẹlòmíràn, wọ́n á wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi a máa bú u pé ẹnu ló ń tà, kì í ṣe ẹja. Á rẹ́rìn-ín, á sì tún ṣàdúà fún èmi náà.

Tìrìmísíyù ni àkọ́bí rẹ̀. Bàbá ọmọ náà, Ògúnsànyà, mú un lọ sí Amẹ́ríkà nígbà tó ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọkọ fẹ́ ìyàwó mìíràn sọ́hùn-ún, kò padà wá mọ́, ẹ jẹ́ kí n fi tirẹ̀ sílẹ̀ kí n má baà sọ̀rọ̀ tí kò yẹ àgbà. Ọmọ náà dàgbà, ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà, èyí tó rí gbọọrọ bí ìbẹ́pẹ, tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sá. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í pe ìyá rẹ̀. Lọ́dún yìí ni ẹgbẹ́ ńlá kan níbẹ̀ mú un pé kó wá máa fi bọ́ọ̀lù náà jẹun.

Ìkòròdú gbọ́. Háà! Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti gbé àwòrán Tìrìmí gàgàrà kọ́ sí Agric, wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé, "Ọba Gólì, Ọmọ Ìkòròdú." Mo bi Ọláòtán, olórí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa tó ṣe àwòrán náà, pé ta ló sọ fún un pé gólì ni ọmọ náà ń gbá.

Ó ní, "Bàbá, kí ló tún wà nínú bọ́ọ̀lù tó ju gólì lọ?"

Èmi náà ò mọ̀. Ohun tí Tìrìmí sọ fún wa ni pé kọ́nàbáàkì ni òun. Gbogbo wa ń sọ ọ́ kiri bí ìgbà tí wọ́n fi ọmọ jẹ oyè.

Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ní Amẹ́ríkà ń retí tiwọn. Toyyibah, àbúrò Tìrìmí, ń ka ohun tí wọ́n ń kọ sórí ayélujára fún wa: pé ọmọ tuntun yìí ni yóò di odi fún wọn, pé ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá irú rẹ̀, pé kò gbọdọ̀ já wọn kulẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń gbọ́, eyín rẹ̀ kò ṣeé bò. Èmi nìkan ni ara ń fu. Ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tí ì kún, ìlú méjì ti jọ gùn ún léjìká, ọ̀kan ń béèrè gólì, èkejì ń béèrè odi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ìdíje àkọ́kọ́. Mo gbé tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ sí pálọ̀ Ṣùkúrátù, mo so ó mọ́ fóònù Toyyibah. Èrò kún débi pé àwọn kan ń wò láti ojú fèrèsé. Bí wọ́n ṣe fi ojú Tìrìmí hàn, ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò rí nǹkan kan mọ́. Wọ́n á ju bọ́ọ̀lù, á gba ọ̀tún lọ, òsì sì ni ọmọ wa wà. Wọ́n á tún jù ú, á tún gba ọ̀tún lọ. Tìrìmí ń sá tẹ̀lé ọkùnrin kan káàkiri pápá bí ìyàwó tó ń ṣọ́ ọkọ alágbèrè. Títí wọ́n fi parí, ọwọ́ rẹ̀ kò kan bọ́ọ̀lù.

Ẹnu yà wá. Ọláòtán ló kọ́kọ́ bú jáde. "Wọ́n ń yọ ọmọ wa sílẹ̀! Ṣé ẹ rí i bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì? Torí pé ó jẹ́ Yorùbá ni!" Gbogbo pálọ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbà, kí n má parọ́. Àwọn ọ̀dọ́ fa fóònù yọ, wọ́n ya bo ojú ìwé ẹgbẹ́ náà lórí ayélujára: "Ẹ fún ọmọ wa ní bọ́ọ̀lù!" Ẹ̀rín ni àwọn Amẹ́ríkà fi ń dá wọn lóhùn. Inú túbọ̀ bí wa.

Tìrìmí pe ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, wọn ò ju bọ́ọ̀lù síbi tí mo wà rárá! Inú kóòṣì dùn gan-an."

"Alihamudulilahi, ọmọ mi," ni Ṣùkúrátù wí. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, ó bú sẹ́kún. Ìyá wo ni kò mọ ìgbà tí ọmọ bá ń sọ pé ebi ò pa òun, tí ebi sì ń pa á? "Bùrọ̀dá mi, ṣé ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀? Ó ń tù mí nínú ni. Wọ́n ń fojú ọmọ mi gbolẹ̀, ó ń bò ó mọ́lẹ̀ nítorí tèmi."

Ilẹ̀ mọ́, ó gba Ẹ̀pẹ́ lọ. Mo tẹ̀lé e, torí ohun tí mo rí lójú rẹ̀ dẹ́rù bà mí. Ó dín mọ́sà, ó dín àkàrà, ó kó àwọn obìnrin ìsọ̀ rẹ̀ jọ síwájú ààrò, ó ránṣẹ́ sí Ààfáà Salman. Sàráà gidi ni. Ààfáà ṣe tirẹ̀ ní èdè Lárúbáwá, ó parí, ṣùgbọ́n Ṣùkúrátù kò jẹ́ kí ọwọ́ ó wálẹ̀.

"Ọlọ́run Ọba," ó ní, "bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń du ọmọ mi, kó máa wá a. Bí wọ́n jù ú sókè, kó wá a. Bí wọ́n jù ú sílẹ̀, kó wá a. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ mi ni kó máa já sí."

Àmín tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ létí ọ̀sà yíjú wò wá. Orí èmi pàápàá wú. A jẹ mọ́sà, a padà sí Ìkòròdú.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ìdíje ò tí ì gbóná tí bọ́ọ̀lù fi forí lé òsì. Pálọ̀ hó yèè. Ó tún bọ̀. Ó tún bọ̀! Gbogbo èyí tí wọ́n jù, ọ̀dọ̀ Tìrìmí ló ń já sí. Mo di apá ara mi mú. Àdúà tó yára tó báyìí, èmi ò rí i rí! Ọláòtán gun orí àga. Ṣùkúrátù fi ìborùn gbájá, ó ń jó, ó ń ké "Alaahu Akbar!" Ọkùnrin tí Tìrìmí ń ṣọ́ a máa fò sókè, á gba bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, á sì gbé e sá dé òpin pápá. Ìyẹn ò kàn wá. Pé bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ ọmọ wa ti tó wa. Nígbà tí wọ́n lọ sinmi, a kí ìrun Mọ̀gàríbì kíákíá, a sáré padà, ọpẹ́ ṣì wà lẹ́nu wa.

A ò tíì jókòó dáadáa tí ọkùnrin yẹn tún fi gbé bọ́ọ̀lù kọjá lára rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n fa àwòrán Tìrìmí sún mọ́ wa. Ó bọ́ akoto rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí lélẹ̀ lórí koríko.

"Ó ń dúpẹ́!" ni obìnrin kan pariwo. "Ó ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run! Ọmọ Mùsùlùmí òdodo!"

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ṣùkúrátù nìkan ló dá ijó dúró. "Ẹ dákẹ́," ó ní. A ò dákẹ́. "Mo ní kí ẹ dákẹ́! Ọmọ mi ń sunkún."

A wò ó dáadáa, èjìká ọmọ náà ń gbọ̀n. Kóòṣì juwọ́ pè é jáde, ẹlòmíràn wọlé rọ́pò rẹ̀. Ó lọ jókòó, kò sì sí ẹni tó súnmọ́ ọn. Ọláòtán ń wo fóònù rẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n ń kọ síta. "Ẹ dá a padà sí Áfíríkà. Ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ni. Ẹ lé e lọ lónìí."

Mo ní, "Àwọn ọ̀tá rẹ̀ nìyẹn?"

"Rárá o, Bàbá. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ni. Àwọn tó ń pè é ní odi."

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fi fẹ́ràn ọmọ ọlọ́mọ.

Ọjọ́ kejì ni Tìrìmí tó pè. "Mọ́mì, iṣẹ́ tèmi ni kí n ṣọ́ èèyàn àwọn alátakò wa, kó má rí bọ́ọ̀lù gbà. Bí mo bá ń ṣe é dáadáa, ẹ̀rù á bà wọ́n láti jù ú síbi tí mo wà. Bí wọ́n bá wá rí i pé mi ò lágbára, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n á máa jù ú sí."

Ṣùkúrátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ìdíje àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn ni mo ṣe dáadáa jù láyé mi. Mo ṣáà sọ fún yín."

Ṣùkúrátù jẹ́wọ́ àdúà náà fún un. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. "Gbogbo yín, Mọ́mì? Ní Olúwo?"

"Gbogbo wa. Pẹ̀lú Ààfáà."

"Kóòṣì ní òun á tún gbé mi wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá tún rí báyìí, wọ́n á ní kí n máa lọ sílé. Ẹ ṣàdúà fún mi, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe é pé kí wọ́n má pe orúkọ mi rárá. Kí ẹnikẹ́ni má rántí pé mo wà níbẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí ọmọ yìí béèrè. Èpè la máa ń ṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ò gbọ́ ọ rí kí abiyamọ fi ẹnu ara rẹ̀ wí i sí ọmọ tó bí. Ààfáà Salman gan-an kọ̀, ó ní òun ò ní irú rẹ̀ lẹ́nu. Ṣùkúrátù tún kó àwọn obìnrin jọ síwájú ààrò, ó gbé ọwọ́ sókè fúnra rẹ̀.

"Ọlọ́run Ọba, Tìrìmísíyù tí mo bí, má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ orúkọ rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń dárúkọ èèyàn, kí wọ́n fo tirẹ̀. Kí ojú má rí i. Kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Kò sí ẹni tó ṣe àmín. Ìyá arúgbó kan yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń tọrọ àforíjìn lábẹ́ ètè. Ṣùkúrátù wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá wò mí. Mo mọ̀ pé ohun tí yóò gba ọmọ náà là nìyẹn. Mo la ẹnu, àmín kò jáde.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ojú, ó sì ṣe é fúnra rẹ̀. "Àmín."