Omi Àlùwàlá àti Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Mi

Ẹ̀jẹ̀ ni mo rí nínú ìbọ̀sẹ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Thamesmead nílùú òyìnbó, bí mo ṣe fẹ́ jáde lọ wa takisí. Nǹkan ti gún mi lẹ́sẹ̀, mi ò sì mọ̀. Dókítà fi abẹ́rẹ́ gún àtẹ́lẹsẹ̀ náà wò. Mo bi í pé ìgbà wo ló máa bẹ̀rẹ̀. Ó ti ṣe é tán. Ó ní àtọ̀gbẹ ló fà á tí ẹsẹ̀ náà ò fi mọ nǹkan lára mọ́, pé bí egbò náà kò bá jinná, àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà.

Nọ́ọ̀sì tó ń dì í fún mi ní kílíníìkì, ọmọ Èkó ni, onígbàgbọ́. Gbogbo ìgbà tó bá tú báńdéèjì, ó máa ń bá a ní tútù. Ó bi mí ohun tí mò ń fi ẹsẹ̀ náà ṣe nílé. Mo ní kò sí, àfi àlùwàlá ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́.

“Daddy, ẹja gan-an ò wẹ̀ tó yín.”

Ó ní ká fi ọ̀rá wé e lásìkò àlùwàlá, ká fi ọ̀sẹ̀ kan wò ó. Ìbẹ̀rù mú kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó pààrọ̀ oògùn tó ń fi sí egbò náà pẹ̀lú.

“Rárá, Daddy. Tá a bá yí méjèèjì padà, tó wá jinná, èwo la máa sọ pé ó ṣe é?”

Omi ò wọlé mọ́, ṣùgbọ́n mi ò tú ọ̀rá náà láàárín ìrun kan sí èkejì, òógùn sì rẹ ẹsẹ̀ náà bí ẹ̀wà inú omi. Mo rò pé inú á bí nọ́ọ̀sì. Ó kàn fa àga súnmọ́ mi, ó ń wò ó. Láti ọjọ́ náà lèmi náà ti ń fẹ́ mọ ohun tá a máa bá lábẹ́ báńdéèjì.

Mo lọ bá àfáà wa ní Woolwich. Ó ní ẹni tó di egbò lè fi ọwọ́ tútù pa orí báńdéèjì lásán. Ẹ̀sìn kì í ṣe ìnira. Nọ́ọ̀sì ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ó ní kí n ṣe é kóun rí i. A dán ìyẹn náà wò fún ọ̀sẹ̀ kan, báńdéèjì sì gbẹ. Ó wá dán an wò lára ìyá àgbà kan tóun náà ń ṣe àlùwàlá. Ti ìyá ṣì ń tutù, ló bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbọn omi ọwọ́ dànù. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn tèmi. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó ń bi gbogbo aláìsàn bí wọ́n ṣe ń wẹ ẹsẹ̀.

Egbò náà ń kéré sí i, síbẹ̀ mi ò fọkàn balẹ̀. Àárọ̀ àárọ̀ ni mò ń fi dígí wò ó lábẹ́.

Nígbà tó yá, dókítà tẹ ojú àpá náà pẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ gígé ti parí.

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó tún un tẹ̀, kó lè dá mi lójú.