Ewé Ìwé Rábì Mósè tí Mo Fi Di Ẹ̀pà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ariwo ìgbálẹ̀ ló máa ń jí mi. Àwa ọmọbìnrin ilé la máa ń gbá àgbàlá kí oòrùn tó yọ. A ó pọn omi, a ó lọ ata lórí ọlọ, kí a tó wọ aṣọ ilé-ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi á rántí ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà tí a máa ń jẹ lórí ìdúró, tí ọwọ́ á máa jó wa, tí àwọn ìyá wa á sì máa pariwo pé aago ti lù. Ẹ ó rántí súwè tí a máa ń fò lábẹ́ igi máńgòrò, àti tẹ̀ǹtẹ́ tí a máa ń ta títí eruku á fi bò wá dé orúnkún. Ẹ ó rántí ìyà náà: kí a bẹ̀rẹ̀, kí a fi ìka kan kanlẹ̀, kí a gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kí ẹnikẹ́ni má sì rẹ́rìn-ín. Mo jẹ nínú gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó burú jù tí mo ṣe nígbà èwe mi, ẹnikẹ́ni ò nà mí nítorí rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà nínú ilé wa tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Rọ́ṣíà. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà láti lọ kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà ní ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn ará ilé wa ń pè ní Rọ́ṣíà. Ọdún mẹ́fà ló lò níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó ṣiṣẹ́ omi ẹ̀rọ fún ìjọba fúngbà díẹ̀, ó sì padà wá sílé. Kò bímọ. Àwa ọmọ àbúrò rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bí a bá ti jẹ iyán tán, a ó jókòó yí i ká lórí ẹní níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀. Á máa mu tíì dúdú tí kò ní mílíìkì, á sì máa sọ ọ̀rọ̀ yìnyín fún wa. A kì í fẹ́ gbà á gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń sọ pé irọ́ ni, pé kò sí bí odò ṣe lè le tó tí mọ́tò á fi gba orí rẹ̀ kọjá.

Ìtàn tí a fẹ́ràn jù ni ti Rábì Mósè. Rábì ni àwọn Júù ń pe olùkọ́ ẹ̀sìn wọn. Bàbá arúgbó kúkúrú kan ni, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá abẹ́ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ń gbé. Òun ló ń kó èédú sínú iná ńlá tí ń mú gbogbo ilé náà móoru. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí Bàbá Rọ́ṣíà débẹ̀, òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, ló bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ yáná lọ́dọ̀ bàbá náà. Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Rábì Mósè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Júù tí wọ́n ń pè ní Hásídì, àwọn tí ń fi orin àti ijó sin Ọlọ́run. Nígbà kan rí, ó ní ilé àdúrà ní ìlú kékeré kan, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé mímọ́ wọn. Ìjọba wá pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò kọ́ ọmọdé nípa Ọlọ́run mọ́. Wọ́n sọ ilé àdúrà náà di ibi tí wọ́n ń kó ọkà sí. Rábì kó àwọn ọmọ lọ sí yàrá abẹ́ ilé oníbàtà kan, ó ń kọ́ wọn lọ. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n fá irùngbọ̀n rẹ̀, wọ́n rán an lọ sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n nínú igbó òtútù, ó sì gé igi níbẹ̀ fún ọdún méje. Bó bá di Sátidé, tí í ṣe ọjọ́ ìsinmi wọn, kì í fọwọ́ kan àáké. Wọ́n á nà án, wọn ò ní fún un ní búrẹ́dì. Lọ́jọ́ kejì á gbé àáké padà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dá a sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti bá àwọn ẹbí sá lọ sí òkè òkun.

Lọ́jọ́ kan ó bi Bàbá Rọ́ṣíà pé, “Ṣé ẹ̀yin náà ń gbàdúrà nílé yín?”

“A ń gbàdúrà, bàbá.”

“Ṣé ẹ ń kọrin sí i?”

“A ń kọrin, a sì ń pàtẹ́wọ́.”

“Kọ ọ̀kan kí n gbọ́. Rọra kọ ọ́ o.”

Bàbá Rọ́ṣíà kọ orin ìjọ wa kan, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ síni létí lọ. Arúgbó náà gbé ṣọ́bìrì èédú lélẹ̀, ó dijú, ó gbé ìka méjì sókè, ó sì ń jó yí yàrá iná náà ká. Bí Bàbá Rọ́ṣíà bá sọ ọ́ débẹ̀, òun náà á dìde, á jó o fún wa. A ó rẹ́rìn-ín títí a ó fi ṣubú lu ara wa.

Rábì ní ìwé kékeré kan tó kọ fúnra rẹ̀ ní èdè àwọn Júù: àdúrà, orin, àti ẹ̀kọ́ tó kọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ tirẹ̀ tí wọ́n ti kú sẹ́wọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọlọ́pàá wá a kiri, wọn ò rí i. Inú agolo gàrí Bàbá Rọ́ṣíà ló wà. Ọ̀kan nínú wọn tọ́ gàrí náà wò, ó tutọ́ rẹ̀ dànù, ó sì dé agolo padà. Nígbà tí Bàbá Rọ́ṣíà ń bọ̀ wálé, arúgbó náà di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ní, “Gbé e jáde fún mi. Bí n bá tilẹ̀ kú síhìn-ín, jẹ́ kí ọmọ mi rí i.” Bàbá Rọ́ṣíà kọ̀wé sí àdírẹ́sì ọmọ náà nígbà mẹ́ta, kò sí èsì. Ó fi ìwé náà sínú àpótí rẹ̀, ó ní òun á máa tọ́jú rẹ̀ títí ẹnìkan á fi wá béèrè. Ó máa ń fi hàn wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èèpo rẹ̀ dúdú, ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ìjọ wa fẹ́ ṣe àjọ̀dún àwọn ọmọdé. Ìyá mi ló máa gbé ẹ̀pà wá. Ó yan án fúnra rẹ̀ nínú yanrìn gbígbóná, ó sì ní kí n dì í. Ó ti ń kó ìwé ìròyìn àtijọ́ jọ fún un láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó sì ti kìlọ̀ fún mi kí n má fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti fi gbogbo rẹ̀ gé ọmọláńgidi, a fún wọn lórúkọ, a sì ti ṣe ìgbéyàwó fún wọn nínú omi òjò. Nígbà tí ìyá mi gbé igbá ẹ̀pà kalẹ̀ fún mi tó sì lọ sọ́jà, mo mọ̀ pé bó bá dé, tèmi á bá mi.

Bàbá Rọ́ṣíà ti lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ọ̀tan. Kì í ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo wọlé, mo ṣí àpótí. Ìwé pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí láti ya èyí tí mo lè kà. Mo gbé ti Rábì. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ìwé tí ẹnikẹ́ni ò lè kà ní gbogbo Ìlá, ta ni á mọ̀ bó bá dín? Ẹ má rò pé n ò mọ ohun tí mo ń ṣe. Mo ti gbọ́ ìtàn náà ju ìgbà ogún lọ. Nítorí náà ni mo ṣe ya á láti ẹ̀yìn, torí mo rò pé ọ̀rọ̀ tí kò ṣe pàtàkì ló máa ń wà lẹ́yìn ìwé. Ewé méjìdínlógún ni mo ya. Mo gé wọn sí méjì méjì. Wọ́n gba ẹ̀pà dáadáa.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún náà, Bàbá Rọ́ṣíà jókòó síwájú láàárín àwọn àgbà ìjọ. Wọ́n pín ẹ̀pà fún àwọn ọmọdé níta, wọ́n sì mú díẹ̀ wá fún àwọn àgbà. Mo rí i tó tú tirẹ̀. Ó da ẹ̀pà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ rún ìwé náà, ó sì dáwọ́ dúró. Ó tẹ́ ẹ sórí itan. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Lẹ́yìn náà ó dìde, gbogbo ẹ̀pà dà sílẹ̀, ó jáde lọ bá àwọn ọmọdé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìwé nílẹ̀. Ó gbà lọ́wọ́ tibí, ó gbà lọ́wọ́ tọ̀hún. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Àgbàlagbà tó wọ agbádá funfun wà lórí eékún nínú ẹrẹ̀, ó ń ṣa ìwé ẹ̀pà. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà fura sí mi.

Ìyá mi sáré wá. “Bàbá, kí ló dé? Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́.” Ó rí ìwé tó wà lọ́wọ́ bàbá náà, ó sì yíjú sí mi. “Àṣàbí! Níbo lo ti rí ìwé yìí?”

“Orí ààtàn ni, Mà,” ni mo wí. “Wọ́n ti dà á nù.”

Gbogbo ojú bá yí sí Bàbá Rọ́ṣíà. Ìyá kan nínú ìjọ wa mi orí, ó ní, “Ó mà ṣe o. Òtútù Rọ́ṣíà ti kan bàbá yìí lórí. Ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ dànù ló tún ń ṣa.”

Bàbá Rọ́ṣíà wò mí. Ojú rẹ̀ ò le. Ìbá sàn kó le. Ó ní, “Ó lè jẹ́ èmi ni mo dà á nù lóòótọ́. Ẹ má na ọmọ náà.”

Díẹ̀ ló rí kó jọ, yíǹkì sì ti ṣàn dànù lára púpọ̀ nínú wọn. Ó sá wọn sórí okùn nínú yàrá rẹ̀ bí aṣọ ọmọ tuntun. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará ilé ti ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ ní Bàbá Ẹlẹ́pà. Kò jó ijó Rábì fún wa mọ́. Èmi ni mo ṣì ń gbé oúnjẹ fún un, á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ti wà nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì wó. Kò pẹ́ sí i, lẹ́tà kan dé láti ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Ọmọ-ọmọ Rábì Mósè kan, obìnrin, ló kọ ọ́. Ó ní bàbá àgbà òun ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n kó tó kú, ó ránṣẹ́ sí ìyá òun pé ìwé òun wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá láti Ìlá-Ọ̀ràngún. Ó ní ewé àkọ́kọ́ ni òun ń wá jù. Ibẹ̀ ni Rábì kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó kọ́ ní abẹ́ ilé oníbàtà sí. Ogun àgbáyé kejì ti pa púpọ̀ nínú wọn, kò sì sí ibòmíràn tí orúkọ wọn wà.

Ojú Bàbá Rọ́ṣíà ò ríran dáadáa mọ́, ló bá ní kí n wá bá òun kọ èsì. Ó gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́. Mo ṣí i bí a ṣe ń ṣí ìwé. Ó rọra gbà á, ó yí i padà.

“Àwọn Júù kì í ṣí ìwé bíi tiwa, Àṣàbí. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tí àwa ń pè ní ẹ̀yìn, iwájú ni lọ́dọ̀ wọn.”

Ibi tí mo ti ya ewé ló fi hàn mí. Bírò bọ́ lọ́wọ́ mi, mo kúnlẹ̀. “Bàbá, èmi ni mo ya á. Kì í ṣe orí ààtàn ni mo ti rí i.”

“Mo mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?”

Ó pa ìwé náà dé. “Ọmọ ọdún mọ́kànlá ló fi Rábì sùn ìjọba, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́. Tíṣà kan nílé-ìwé ìjọba ló tàn án. Rábì mọ̀ ọ́n. Ó kọ orúkọ ọmọ náà mọ́ ti àwọn yòókù sínú ìwé yìí, kò sì sọ ẹni tó jẹ́ fún èmi pàápàá. Gbé bírò rẹ, jẹ́ ká kọ lẹ́tà.”

Ó ní kí n kọ ọ́ pé àìkíyèsí òun ló ba ewé àkọ́kọ́ jẹ́, pé kí wọ́n dárí ji òun. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kọ ọ́. Ẹni ogún ọdún ni mí nígbà náà, mo lè kọ̀. Mo kọ ẹ̀ṣẹ̀ mi sí i lọ́rùn lẹ́ẹ̀kejì, mo fún un ní bírò kó fọwọ́ sí i, mo sì lẹ àpò lẹ́tà náà pa. A fi ìwé náà ránṣẹ́. Èsì obìnrin náà dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ó dúpẹ́, ó sì ní òun dárí jì í, pé àgbàlagbà máa ń gbàgbé nǹkan. Bàbá Rọ́ṣíà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á fún un. Nígbà tó kú, ẹnìkan fi ìtàn ìwé ẹ̀pà dá àwọn èèyàn lára yá níbi ìsìnkú. Mo jókòó síbẹ̀, mo tẹ orí ba.

Tíṣà ni èmi náà báyìí, nílùú Ìlá yìí kan náà. Ayé ti yí padà. Inú ike àti ọ̀rá ni wọ́n ń ta ẹ̀pà sí, àwọn ọmọ ò mọ ohun tí à ń pè ní ìwé ẹ̀pà. A kì í ní kí wọ́n fi ìka kanlẹ̀ mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe Ọlọ́run láti òwúrọ̀ dalẹ́, kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù ọlọ́pàá. Lẹ́tà tó ń rìn fún oṣù méjì nígbà náà, ìṣẹ́jú kan ló ń gbà lórí fóònù. Mo ti rí obìnrin náà lórí fóònù, irun rẹ̀ ti funfun. Mo ti kọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà sí i nígbà mẹ́ta, mo sì ti pa á rẹ́ nígbà mẹ́ta. Lẹ́yìn Bàbá Rọ́ṣíà, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ó wá kan obìnrin náà.