Oògùn Tó Gba Sìmẹ́ǹtì Lọ́wọ́ Kòkòrò

Kéń, kéń, kéń ni síríńjì onígíláàsì náà ń dún lára ìkòkò kékeré tí wọ́n fi ń sè é. Òórùn kẹrosíìnì àti ti sípírítì gba gbogbo ilé ìdáná náà kan. Mo dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń hó, ojúgun mi ọ̀tún sì ń gbóná bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n gbé ka sítóòfù.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Festac Town nígbà yẹn ni. Àwọn àlejò tó wá ṣe àjọ̀dún àṣà FESTAC ọdún 1977 ti lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bíi bàbá mi ń kó ẹrù wọlé, àwọn bíríkìlà ṣì ń mọ ilé lọ ní ìkángun àdúgbò wa. Ìyá àgbà tó ni ilé ìdáná yìí ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní ọ̀kánkán wa. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ gbálẹ̀ pàápàá, wọ́n á lọ̀ ọ́. Màmá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àwa ọmọdé ń pè wọ́n.

Orí òkúta wẹ́wẹ́ ni mo ṣubú lé. Ìyá mi sì ṣe ohun tí gbogbo ìyá àdúgbò wa ń ṣe: wọ́n ja kápúsù pupa-òun-yẹ́lò sí méjì, wọ́n gbọn ẹ̀tù inú rẹ̀ sójú egbò. Ẹ̀tù náà gbẹ, ó le koránkorán, a ní egbò ti jinná. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ẹsẹ̀ wú, kókó yọ sí abẹ́ itan mi, ibà dé. Dókítà kan ní apá Alákijà tẹ ẹsẹ̀ náà wò, ó wá bá bàbá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: bí wíwú yìí bá tún gòkè sí i, ọsibítù ńlá la ó gbé mi lọ kí wọ́n là á, òun ò sì lè ṣèlérí bí ẹsẹ̀ náà ṣe máa rí lẹ́yìn náà. Ó kọ abẹ́rẹ́ ọjọ́ méje, ẹyọ kan lójúmọ́. Ìdí tí a fi lọ bẹ Màmá Nọ́ọ̀sì nìyẹn.

Màmá fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ rẹ èépá ẹ̀tù náà títí ó fi ṣí. Ọyún ló wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ìyàwó," ni wọ́n wí fún ìyá mi, "orí òrùlé lo da oògùn sí. Àwọn kòkòrò tí ò ń wá wà nínú yàrá."

"Ẹ má bínú, mà. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Mo mọ̀. Ẹ ti sọ kápúsù di páúdà ọmọ tuntun."

Wọ́n kọ́kọ́ fi oògùn abẹ́rẹ́ náà díẹ̀ kín-ún sábẹ́ awọ apá mi, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń wò bóyá ara mi á kọ̀ ọ́. Nígbà tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, wọ́n gbọn ìgò oògùn náà. Funfun bíi mílíìkì ni, pẹnisílíìnì ni wọ́n pè é. Wọ́n nawọ́ sójú fèrèsé, síbi tí àwọn bíríkìlà wà.

"Kòkòrò tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Ṣùgbọ́n ògiri ló fi yí ara rẹ̀ ká. Bó bá fẹ́ dàgbà, bó bá fẹ́ di méjì, àfi kó mọ ògiri kún ògiri. Oògùn yìí ò ní nà án. Á kàn gba sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́ rẹ̀. Òun á sì máa tóbi lọ, ògiri ò ní lè gbà á mọ́, omi á ya wọlé, á bẹ́."

Ẹ̀rù bà mí. "Màmá, ògiri tèmi náà ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Ìwọ ò ní irú ògiri yẹn lára. Ibẹ̀ ni oògùn ti dá ẹ mọ̀ yàtọ̀. Ó yá, má fún ìdí pọ̀."

Ọjọ́ kẹrin abẹ́rẹ́, ibà ti lọ, kókó ti rọ̀, mo ti ń sáré kiri. Ìyá mi kó ìgò mẹ́ta tó kù sínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ní àbúrò mi tí eéwo ń dà láàmú á lò ó lọ́jọ́ mìíràn. Inú tèmi dùn ju tiwọn lọ. Lọ́jọ́ karùn-ún, a ò lọ. Màmá Nọ́ọ̀sì fúnra wọn ló sọdá títì, ìkòkò lọ́wọ́, ooru ṣì ń jáde lára rẹ̀.

"Ìyàwó, o ti ń kó oògùn pa mọ́ ni?"

"Ara ẹ̀ ti yá, mà. Ẹ wò ó, ó ń fò."

"Àwọn kòkòrò tó rọrùn pa ló ti kú. Àwọn tó kù báyìí, alágídí ni wọ́n. Bí o bá dáwọ́ dúró lónìí, àwọn alágídí yẹn náà ló máa bímọ, ọmọ wọn á sì jọ wọ́n. Ẹsẹ̀ yìí tún lè wú, oògùn yìí sì lè má ràn án mọ́."

Ìyá mi tún wo ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n kó ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, wọ́n sì dì mí mú fúnra wọn.

A lò ó tán. Ẹnikẹ́ni ò là mí lẹ́sẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń gba oògùn, mi ò jẹ́ kí ìtura tàn mí kí n fi í sílẹ̀ lágbede méjì. Ṣùgbọ́n ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù, tí mo ti dàgbà tán tí kò tíì tán lọ́kàn mi, ni pé inú èmi gan-an ni ẹgbàágbèje kòkòrò wọ̀nyẹn ti wó lulẹ̀ bí ilé lọ́sẹ̀ náà. Èmi sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, mò ń jẹ búrẹ́dì, mi ò gbọ́ ariwo kankan.